Àyà Jíjá àti Inú Rírun: Ìtàn Ìwòsàn Láìlo Oògùn ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Inú ni Yorùbá fi ọ̀rọ̀ ọkàn sí. Ẹni tí ayọ̀ bá ṣubú lù, inú rẹ̀ dùn. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ, inú bí i. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tí ó lè fara da ìwọ̀sí, onínú tútù ni; ẹni tí kò lè gbàgbé ohun tí a ṣe sí i, a ní ó ń dinú. Ẹni tí kò sì mọ ohun tí ọ̀la yóò bí, inú rẹ̀ a máa fu, àyà rẹ̀ a máa fu. Èyí kì í ṣe àṣà ọ̀rọ̀ lásán. Olùkọ́ tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò rí yóò jẹ́rìí sí i. Ọmọ tí ó mọ ìwé dunjú yóò di ikùn mú, yóò ní inú ń run òun; òmíràn yóò tọrọ àyè láti lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí aago mẹ́sàn-án tó lù; ẹnì kan yóò sì bi gbogbo oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀. Bí a bá yẹ̀ wọ́n wò, ibà kò sí lára wọn, májèlé kò sì sí nínú oúnjẹ wọn. Ẹ̀rù ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn òyìnbó tó fi ojú rí ohun tí èdè wa ti sọ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1897, Walter Cannon, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ń fi ẹ̀rọ X-ray, tí ó jẹ́ ohun tuntun nígbà náà, wo bí oúnjẹ ti ń lọ nínú ikùn ológbò. Ó ṣàkíyèsí pé bí ológbò náà bá ń bínú tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà á, ikùn rẹ̀ a dákẹ́, kò ní lọ oúnjẹ mọ́. Bí a bá sì ti tù ú nínú, ikùn náà a tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tí ó kọ lórí ìrora, ebi, ìbẹ̀rù àti ìbínú jáde ní 1915. Àlàyé tí ó ṣe kò le. Bí ara bá fura sí ewu, a kó ẹ̀jẹ̀ kúrò níbi tí oúnjẹ ti ń dà, a darí rẹ̀ sí apá àti ẹsẹ̀ kí ènìyàn lè sá tàbí kí ó lè jà. Àyà a máa lù kìkì, ọ̀fun a gbẹ, ìfun ìsàlẹ̀ a sì fẹ́ tú ẹrù rẹ̀ dànù. Èyí dára fún ẹni tí ẹkùn ń lé. Kò dára fún ẹni tí ó jókòó níwájú ìwé ìbéèrè fún wákàtí mẹ́ta.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìtàn ni. Ilẹ̀ Rẹ́mọ kò tóbi: ẹni tí ó bá jáde ní Ṣágámù lówùúrọ̀ lè dé Ìkẹnnẹ́, kí ó kọjá sí Ògèrè, kí ó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Síbẹ̀ nínú ilẹ̀ kékeré yìí ni oríṣi ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ síra pátápátá ti dìde ní ọ̀rúndún tí ó kọjá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń wí pé ènìyàn lè ṣẹ́gun ìbẹ̀rù láìmu àgbo, láìgbé oògùn mì.

Ògèrè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1925, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Josiah Olúnọ́wọ̀ Òṣítẹ̀lú, ọmọ bíbí ìlú náà, tí ó ń ṣe iṣẹ́ tíṣà àti katikíìsì lábẹ́ ìjọ C.M.S. Ọmọ àgbẹ̀ tí ìwé gbé ga díẹ̀ ni, irú àwọn tí ìlú ń wò pé wọn kò gbọdọ̀ ṣubú. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún náà, ó rí ojú ńlá kan tí ń kọ mànà bí oòrùn. Jìnnìjìnnì bò ó. Ìran náà kò sì dúró síbẹ̀, òmíràn ń tẹ̀lé òmíràn, títí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀ mọ́. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ohun tí ì bá wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni ní ìgbà àti àdúgbò rẹ̀: pé àwọn àjẹ́ ni wọ́n ń bá òun jà. Ó wá ìrànlọ́wọ́ kiri, ṣùgbọ́n kò rí ojútùú, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà onígbàgbọ́ kan tí ń jẹ́ Ṣómóyè. Ìyẹn sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́, pé Ọlọ́run ni ó ń pè é tí ó sì ń dán an wò. Ó ní kí ó pa gbogbo oògùn tì, kí ó gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà, ààwẹ̀ àti kíka Sáàmù.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni kókó ìtàn náà wà. Ṣómóyè kò mú ìran náà kúrò. Kò sọ fún Òṣítẹ̀lú pé kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò pè é ní wèrè. Ìtumọ̀ ni ó yí padà. Ojú kan náà tí ó jẹ́ ojú ọ̀tá lánàá di ojú Ẹni tí ń ṣọ́ ni lónìí. Ìran náà tilẹ̀ pọ̀ sí i lẹ́yìn èyí ni: láti 1925 títí di 1934, ó kọ èyí tí ó lé ní 10,000 sílẹ̀ nínú àwọn ìwé ńlá. Ó ń kọ ọjọ́, ó ń kọ ohun tí ó rí. Èmi kò lè wo iṣẹ́ yìí kí n má rántí pé tíṣà ni ọkùnrin náà. Ẹ̀rù tí ó wà nínú ikùn kò ní ààlà, kò sì ní orúkọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá ti fi tádàwà kọ sórí ìwé, tí a fi ọjọ́ sí, ó ti di ohun tí a lè tún kà lọ́la kí a sì wò ó bóyá ó ṣẹ tàbí kò ṣẹ. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ayé òde òní a máa sọ fún àwọn tí ìdààmú bá pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ gan-an.

Àwọn C.M.S. kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1926 wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ó lò nínú ààwẹ̀ àti àdúrà kí ó tó jáde wàásù ní gbangba ní Ògèrè, ní oṣù kẹfà ọdún 1929. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1930 ni ó fi Ìjọ Olúwa Aládùúrà lọ́lẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé kí a pa oògùn tì kò ti ọ̀dọ̀ Ṣómóyè ṣẹ̀. Nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn burúkú tí ó jà káàkiri ayé dé ilẹ̀ wa ní 1918, kò sí oògùn òyìnbó tí ó ràn án, àgbo kò sì ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí Rẹ́mọ, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà díẹ̀ kó ara wọn jọ lábẹ́ J. B. Ṣàdáre, wọ́n ń gbàdúrà. Ẹgbẹ́ wọn ni a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ọ̀dọ́bìnrin kan, tíṣà ni òun náà, Sophia Ọ̀dúnlámì, ṣàìsàn, ó sì bọ́; ó wá ń kéde pé kí àwọn ènìyàn lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Ní 1922, àwọn ará ẹgbẹ́ yìí kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, nítorí wọ́n kò gba ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, wọ́n kò sì gba oògùn lílò mọ́. Wọ́n di ara Faith Tabernacle, ìjọ kan tí orísun rẹ̀ wà ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí ó ń fi ìwé ìròyìn kọ́ àwọn ènìyàn ní òkèèrè. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì mọ́lẹ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ńlá ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà ní 1930, omi tí a gbàdúrà sí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé lọ sílé. Òṣítẹ̀lú pẹ̀lú lọ bá wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ náà kò pẹ́: ní 1931 ni wọ́n pínyà, nítorí àwọn orúkọ mímọ́ tí òun nìkan mọ ìtumọ̀ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́, àti nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀.

Kí ni ẹni tí àyà rẹ̀ ń já yóò bá lọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà? Yóò bá ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò ní wo aago. Yóò gba iṣẹ́ ṣe: Sáàmù báyìí ní aago mẹ́fà, ní aago mẹ́sàn-án, ní ọ̀sán gangan, àti ní òru, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje, omi tí a gbàdúrà sí fún mímu àti wíwẹ̀. Yóò bọ́ bàtà. Yóò kọrin, yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì yí gbirigbiri lórí iyanrìn ilẹ̀ àánú. Kò ní dá nìkan wà. Bí a bá yọ ìgbàgbọ́ kúrò nínú èyí fún ìṣẹ́jú kan, tí a wo ohun tí ó ṣẹ́ kù, a óò rí i pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń kọ orin gígùn tàbí tí ń ka Sáàmù sókè, èémí rẹ̀ kò lè yá kánkán. Ó ní láti máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti pé èémí tí ń lọ jẹ́jẹ́ a máa dá ìlù àyà padà, a sì máa jẹ́ kí ikùn rọ̀. Ẹni tí ó ní ohun tí yóò ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kò rí àyè jókòó ti ìbẹ̀rù rẹ̀.

Mo sọ èyí pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà kò dùn. Àdúrà lè mú kí àyà balẹ̀. Kò mú ibà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó fọ́ àwọn tí kò bá Òṣítẹ̀lú lọ. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere òyìnbó ti Apostolic Church dé láti Bìrìtìkó lẹ́yìn 1930 láti bá wọn ṣiṣẹ́, a rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ń lo kuníìnì kí ibà má bàa pa wọ́n. Ìbínú dé. Báwo ni ẹni tí ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá yóò ṣe máa gbé oògùn mì ní ìkọ̀kọ̀? Ṣùgbọ́n òyìnbó tí kò lo kuníìnì ní ilẹ̀ yìí nígbà náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tẹ́tẹ́ ni. Ìjà náà wà lára ohun tí ó bí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, C.A.C., tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó wá jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú rẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ̀rọ̀ nípa àìsàn kan náà.

Ọdún 1955 kan náà ni ìbẹ̀rù mìíràn wọ ilẹ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹnnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní agbègbè náà fò sókè láàárín ọdún kan, ó lé ní 800,000. Ohun rere ni. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ girama kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àyè yunifásítì kò sì tó nǹkan. Ìdánwò ni a fi ń já wọn sílẹ̀. Ọmọ tí ìdílé ta ilẹ̀ kókò nítorí rẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá kùnà, kì í ṣe òun nìkan ni ó kùnà.

Ní àkókò yìí ni ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ní 1954. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó wà nídìí rẹ̀. Òkìkí Lambo kàn káyé nítorí pé kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí Àrò ká. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan yóò mú ìbátan rẹ̀ kan wá tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Lówùúrọ̀ yóò lọ rí dókítà, lọ́sàn-án yóò wà láàárín ará abúlé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá kí wọ́n wá bá a ṣiṣẹ́. Kí a má ṣe purọ́: wọ́n ń lo oògùn ní Àrò, wọ́n sì ń lo iná mànàmáná fún àwọn tí àìsàn wọn le. Ṣùgbọ́n Lambo mọ̀ pé bí a bá yọ ènìyàn kúrò láàárín àwọn tirẹ̀, oògùn nìkan kò ní gbé e dìde.

Oníṣègùn ará Kánádà kan, Raymond Prince, wá ṣiṣẹ́ ní Àrò ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: orí ń gbóná, ọrùn ń dun ni, ojú kò ríran dáadáa lórí ìwé, ohun tí a kà kò wọlé. Wọ́n ní “brain fag” ni ó ń ṣe wọ́n, pé ọpọlọ àwọn ti rẹ̀. Ní 1960, Prince kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn ọpọlọ, ó sì sọ pé ẹ̀kọ́ òyìnbó, tí ó ní kí olúkúlùkù dá ìwé rẹ̀ kà kí ó sì dá gòkè, ni ó ń kọlu àṣà tí ó fi agbo ilé ṣe ìpìlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ayé ti ń ka àìsàn yìí sí ti àwọn adúláwọ̀ nìkan. Ìwé ńlá tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1994 tilẹ̀ tò ó mọ́ àwọn àìsàn tí àṣà ìbílẹ̀ ń fà.

Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kì í ṣe àwa ni a ni orúkọ yẹn. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fúnra wọn ni wọ́n ń ké “brain fag” kiri. Àwọn akọ̀wé, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní i. Ìpolówó oògùn rẹ̀ kún inú ìwé ìròyìn wọn. Nígbà tí ó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa, àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti gbàgbé rẹ̀. Ìwé ńlá Amẹ́ríkà yẹn yọ ọ́ kúrò nígbà tí a tún un tẹ̀ ní 2013. Èmi fi kún un pé ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ti ń tọ́ka sí ìrora wọn yẹ fún àròjinlẹ̀. Bàbá wọn tí kò kàwé ì bá ní inú òun kò balẹ̀; àwọn tí ìwé ti kọ́ pé orí ni ìrònú ń gbé wá gbé ìrora náà gòkè lọ síbẹ̀.

Ní 1980, Ọlúfẹ́mi Morákínyọ̀, oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ṣe àlàyé tí ó súnmọ́ ilé ju ti Prince lọ. Ó ní àwọn tí ó fẹ́ gòkè lójú méjèèjì ni wọ́n sábà ń bọ́ sínú rẹ̀: wọn kì í sùn, wọ́n ń lo ohun tí ń lé oorun lọ, ìbẹ̀rù wọn sì ń ga sí i. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ọmọ yìí. Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi tútù lóru, ó jẹ obì mẹ́ta, ó mu kọfí. Èròjà kan náà ni ó wà nínú obì àti kọfí tí ń mú ojú là, òun náà ni ó sì ń mú kí àyà máa lù kìkì àti kí ikùn máa dàrú. Ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹ̀rù kejì sílẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà kejì tí a sọ pé ó dìde ní Rẹ́mọ wà ní Ìkẹnnẹ́. Táí Ṣólàárín, tí a bí síbẹ̀ ní 1922, fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní Mólúsì College ní Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí kò fẹ́ kí ẹ̀sìn wà nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ó sì dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹnnẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956. Kò gba oògùn ìbílẹ̀ gbọ́, kò gba omi àdúrà gbọ́. Ọkọ́ ni ó fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ń dáko, wọ́n ń mọ ilé tí wọn yóò sùn, wọ́n ń tọ́jú adìyẹ. Kì í ṣe ìwòsàn ni ó pè é, ìgbára-ẹni-lé ni. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fi òwúrọ̀ roko, oorun alẹ́ rẹ̀ a máa dùn, àti pé iṣẹ́ àṣelàágùn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ìwádìí ìṣègùn ti fi hàn pé ó ń dín ìdààmú ọkàn kù. Ṣólàárín, tí ó kú ní 1994, ì bá bínú bí a bá fi òun sí abala kan náà pẹ̀lú wòlíì Ògèrè. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ṣe tíṣà, àwọn méjèèjì ló jí ọmọlẹ́yìn wọn ní ìdájí, àwọn méjèèjì ni kò sì jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà dá jókòó.

Ohun tí olùdíje ìdánwò lè mú nínú gbogbo èyí kò ṣòro. Kí ó mí wọlé jẹ́jẹ́, kí ó sì mí jáde kí ó pẹ́ ju ti wíwọlé lọ, bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ó tó ṣí ìwé ìbéèrè. Ẹni tí ó bá ń ka Sáàmù, kí ó kà á jẹ́jẹ́. Kí ó jẹ oúnjẹ tí ó mọ̀ ọ́n lára, kí ó má pọ̀. Kí ó sùn. Kí ó kọ ohun tí ń bà á lẹ́rù sórí ìwé ní alẹ́ tí ó ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú rírun náà ń jí i lóru, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ó bá ń rù, tí ibà bá bá a wọlé, tàbí tí ìpayà náà kò lọ lẹ́yìn ìdánwò tí ó ń wù ú kí ó má sí láyé mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti èémí àti Sáàmù nìkan nìyẹn. Láti 1986 ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà ní Ṣágámù, Àrò kò sì jìnnà.

Òṣítẹ̀lú kú ní 1966. Ìjọ rẹ̀ ti dé Freetown ní 1947 àti London ní 1964, a sì gbà á sínú Àjọ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ní 1975. Láti 1937 ni àwọn ọmọ ìjọ náà ti ń gun Òkè Taborar ní Ògèrè fún àjọ̀dún Tabieorar, tí ó máa ń parí sí ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Àkókò yẹn kò jìnnà sí ìgbà tí èsì ìdánwò WAEC sábà ń jáde, nítorí náà láàárín àwọn tí ó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ṣàì ní sí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí inú wọn ń fu, tí wọ́n ń dúró de èsì wọn.